Ẹ Gbé Àgbọ̀n Yín Sókè

Ìgbà ọyẹ́ ni X-ray ihò imú máa ń pọ̀ jù lọ́wọ́ wa ní Òkè-Àdó, nílùú Ìbàdàn. Erùku á gba gbogbo títì láti Mọ́lété dé Òkè-Bọ́lá, èyí tí a nù lórí ẹ̀rọ láàárọ̀ á ti padà síbẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹni tí imú rẹ̀ ti ń dí díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà òjò á wá rí i pé ẹnu nìkan ló kù tí òun fi ń mí. Yóò ti fi Robb pa iwájú orí, yóò ti fi àbóníkì pa igi imú, yóò ti da aṣọ borí lórí omi gbígbóná, yóò ti ra Ampiclox lọ́wọ́ oníkẹ́mísì. Nígbà tí àìsàn kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, yóò lọ bá dókítà, dókítà yóò sì kọ ìwé pélébé kan fún un pé kí ó lọ ya X-ray sáínọ́sì.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń mú ìwé yìí wá ló gbà pé ẹ̀rọ ló máa sọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí a ṣì ń fọ fíìmù nínú yàrá òkùnkùn, tí òórùn kẹ́míkà ń bá wa dé ìdí oúnjẹ alẹ́, títí di òde òní tí fọ́tò ń já sórí kọ̀ǹpútà kí aláìsàn tó wé gèlè rẹ̀ padà. Ohun tí mo mọ̀ nípa X-ray ihò imú ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń dáhùn. Ṣé afẹ́fẹ́ ló wà nínú ihò náà, àbí nǹkan mìíràn ti wọ ibẹ̀? Irú ohun tó wọ ibẹ̀, ìdí tó fi wọ ibẹ̀, àti bóyá òun ló ń fa ẹ̀fọ́rí tó gbé ènìyàn wá, fọ́tò kò mọ̀ ọ́n. Aláìsàn tó bá mọ èyí kí ó tó sanwó yóò jèrè owó rẹ̀ ju ẹni tí kò mọ̀ lọ.

Ihò tí à ń sọ yìí, tí àwọn dókítà ń pè ní sáínọ́sì, yàtọ̀ sí ihò méjì tí a fi ń mí. Inú eegun ojú ló wà, oríṣi mẹ́rin ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ti apá ọ̀tún àti ti apá òsì. Èyí tó tóbi jù wà nínú eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́, lábẹ́ ojú, lókè eyín òkè. Èkejì wà níwájú orí, lókè ojú. Ẹ̀kẹta jẹ́ ihò wẹ́wẹ́ tó tò sáàárín ojú méjèèjì. Ẹ̀kẹrin fara pamọ́ sẹ́yìn pátápátá, lábẹ́ ọpọlọ. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló bo inú gbogbo wọn, awọ náà ń sun ikun, ikun náà sì ń gba ojú tóóró kan wọnú imú. Bí ọ̀fìnkìn bá mú kí awọ yìí wú, ojú tóóró náà á dí, ikun á sé mọ́ inú. Ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ní wàhálà jù, nítorí apá òkè lára ògiri rẹ̀ ni ojú tirẹ̀ wà. Bí ènìyàn bá wà lórí ìdúró, ohun tó wà nísàlẹ̀ ihò kò lè dédé ṣàn jáde.

A kì í bí ọmọ pẹ̀lú gbogbo ihò yìí ní kíkún. Ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ti àárín ojú ti wà láti ìgbà ìbí, ní kékeré. Ti iwájú orí kì í hàn lórí fọ́tò títí ọmọ yóò fi tó bí ọdún 6 tàbí 7. Ìyá tó bá gbé ọmọ ọdún 2 wá pé kí a wo iwájú orí rẹ̀, kò tí ì sí ohun tí a fẹ́ wò níbẹ̀.

Oṣù Kọkànlá ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ìtànṣán X-ray ní Würzburg, nílẹ̀ Jámánì. Afẹ́fẹ́ kì í dí i lọ́nà, nítorí náà ibi tí afẹ́fẹ́ bá wà a máa dúdú lórí fíìmù. Eegun ń dá a dúró, a sì máa funfun. Omi àti ikun wà láàárín méjèèjì. Ihò tí ara rẹ̀ dá yẹ kó dúdú dáadáa. Ṣùgbọ́n orí ènìyàn kún fún eegun, ọ̀kan sì wà nídìí etí tó le ju gbogbo eegun orí yòókù lọ. Bí a bá ya fọ́tò láti iwájú láìgbé àgbọ̀n, eegun yìí a bọ́ sórí ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́, a sì bò ó. Ní ọdún 1915, Waters àti Waldron kọ̀wé nílẹ̀ Amẹ́ríkà lórí ọ̀nà àbáyọ: kí aláìsàn gbé àgbọ̀n sókè, kí àgbọ̀n kan pátákó, kí imú jìnnà sí pátákó díẹ̀. Eegun líle náà á sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́, ihò náà á sì hàn gbangba. Ohun tí à ń ṣe títí di òní nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ tí ẹni tó ń yà yín ń tún un sọ pé, “Màmá, ẹ gbé àgbọ̀n yín sókè sí i, ẹ ṣe é, ó kù díẹ̀,” kì í ṣe pé ó fẹ́ yọ yín lẹ́nu. Bí àgbọ̀n bá rẹlẹ̀ díẹ̀ péré, eegun náà á padà gun orí ihò, ẹni tó ń ka fọ́tò sì lè rò pé ikun ló kún ibẹ̀.

Fọ́tò kejì, tí iwájú orí àti imú jọ ń kan pátákó, orúkọ Eugene Caldwell ni à ń fi pè é lẹ́nu iṣẹ́ wa. Ará Amẹ́ríkà lòun náà, ọ̀mọ̀wé iná mànàmáná tó padà di dókítà. Ìtànṣán tó lò láìdáàbò bo ara ló ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, òun náà ló sì pa á ní ọdún 1918. Mo máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ fi ilẹ̀kùn yàrá X-ray sílẹ̀ láìtì.

Gbígbé orí sẹ́yìn báyìí kò rọrùn fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ọrùn ń dùn, ẹni tí òòyì máa ń kọ́, bàbá tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti gan, ẹ sọ fún wa kí a tó bẹ̀rẹ̀. A lè yí ẹ̀rọ dípò kí a yí ọrùn. Fọ́tò náà lè má gún régé tó ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí àgbàlagbà ṣubú níwájú ẹ̀rọ lọ.

Lórí ìjókòó tàbí ìdúró ni a ti ń yà á, àfi tí kò bá sí ọgbọ́n mìíràn tí a lè dá. Ẹ mú ìgò omi tó kún dé ìdajì. Bó bá wà lóòró, ìlà omi hàn kedere, ọmọdé lè fọwọ́ tọ́ka sí ibi tí omi parí sí. Ẹ wá fi ìgò náà lélẹ̀, kí ẹ dúró lókè wò ó: omi ti tẹ́ ká inú rẹ̀, ẹ ò lè fi ojú mọ̀ bóyá ó pọ̀ tàbí kò pọ̀. Ìlà títẹ́ yẹn ni dókítà ń wá nínú ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́, nítorí pé òun ni ẹ̀rí tó dájú jù pé omi wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kàn dùbúlẹ̀ sórí tábìlì fún X-ray sáínọ́sì, tí ẹsẹ̀ yín sì gbé yín dáadáa, ẹ bi wọ́n pé kí ló dé.

Ẹ lè jẹun kí ẹ tó wá. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó ń fi ebi wọ mọ́tò wá láti Challenge, tí ẹnìkan ti sọ fún wọn pé scanning ni wọ́n ń lọ ṣe. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí oògùn mímu. Gbogbo rẹ̀ kì í sábà ju ìṣẹ́jú 15 lọ bí iná kò bá dà wá láàmú. Iná ìjọba tó bá rẹlẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Bí a bá ní kí ẹ dúró kí a tan jẹnẹrétọ̀, ẹ fara balẹ̀. Fọ́tò tí a bá fipá yà nínú iná tí kò tó, àtúnyà ló máa ń yọrí sí, ara yín sì ni ìtànṣán ìlọ́po méjì máa gbà kọjá.

Ohun tó ń gba àsìkò jù ni ohun tó wà lórí àti ní ọrùn. Gèlè pẹ̀lú píìnì abẹ́ rẹ̀, ìjàábù Àlájà pẹ̀lú píìnì tirẹ̀, wíìgì tó ní irin ìkọ́ nínú, ìlẹ̀kẹ̀ orí ọmọdébìnrin, yẹtí, ṣéènì ọrùn, irin imú tó gbòde lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́, awò ojú, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, eyín àtọwọ́dá tó ṣeé yọ. Gbogbo wọn ló ń hàn, ibi tí a kò sì fẹ́ gan-an ni wọ́n máa ń bọ́ sí. Irun tí a fi àtáṣímẹ́ǹtì dì, tí a wá ká jọ gègèrè sí iwájú orí, lè sọ òjìji sórí ihò tó wà níbẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ tú u, ẹ kàn dì í lọ́nà tí a fi lè sọ ọ́ sẹ́yìn. Èmi kì í bínú sí obìnrin tí kò fẹ́ tú irun tó fi odindi ọjọ́ Sátidé àti owó ńlá dì. Àwọn ọkùnrin náà ní tiwọn. Mo ti rí ońdè nínú fìlà rí, ẹni tó ni ín kò sì fẹ́ kí ìyàwó òun tó jókòó níta mọ̀. A bá a gbé e sínú dúrọ́ọ̀, ó gbà á nígbà tó ń lọ. Ti Robb tó wà lójú, ẹ ò ní láti nù ún.

Obìnrin tó bá lóyún, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ pẹ́, kí ó sọ. Ojú jìnnà sí ikùn, ìtànṣán tó lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ kéré jọjọ, síbẹ̀ dókítà lè rí i pé kò sí ìkánjú. Ó lè sọ ọ́ sí wa létí, a kò ní ké e síta fún àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì.

Ẹ̀rù ìtànṣán ń ba àwọn kan, kò sì ba àwọn mìíràn rárá. Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló ń kọ mí lóminú jù. Gbogbo wa la ń gba ìtànṣán lọ́dọọdún láti inú ilẹ̀, láti ojú ọ̀run, láti inú oúnjẹ. Nínú òṣùwọ̀n millisievert, ìpíndọ́gba rẹ̀ lágbàáyé lé ní 2 lọ́dún, gẹ́gẹ́ bí UNSCEAR, ìgbìmọ̀ àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ṣe ṣírò rẹ̀. Fọ́tò ihò imú kan tí a yà dáadáa kò tó 0.1. Ẹni tó bá yà á nígbà tó tọ́ kò ní ohun tí ó ń bẹ̀rù. Ẹni tó ń yà á ní gbogbo ìgbà tí imú bá dí, tó ń ti ilé ìwòsàn kan bọ́ sí òmíràn láìmú fọ́tò àtijọ́ dání, òun ni mo ń bá wí.

Ìbàdàn ní ìtàn tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìtànṣán. Ní 13 oṣù Kejì ọdún 1960, Faransé dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà. Ibi tí ọyẹ́ wa ti ń gbé erùku bọ̀ náà nìyẹn, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì balẹ̀ ní Nàìjíríà. Láàárín àwọn ọdún 1960 yẹn ni wọ́n gbé iṣẹ́ ìdáàbòbò lọ́wọ́ ìtànṣán fún orílẹ̀-èdè yìí lé ẹ̀ka físíìsì ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ́wọ́, ilé ìwádìí tó jogún iṣẹ́ náà sì wà lórí ilẹ̀ yunifásítì yẹn títí di òní. NNRA, àjọ tí òfin ọdún 1995 dá sílẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001, ló ń fún ilé X-ray ní ìwé àṣẹ. Àwa tí à ń yà á, Radiographers Registration Board of Nigeria, tí òfin rẹ̀ ti wà láti 1987, ló ń forúkọ wa sílẹ̀. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé méjèèjì, ẹni tó ní in kò ní bínú. Ibi tí ẹbí mẹ́ta bá ti jókòó ti aláìsàn nínú yàrá nígbà tí ẹ̀rọ ń yà, ẹ dìde níbẹ̀.

Mo ní fọ́tò kò mọ irú ohun tó wọ inú ihò. Ní ọdún 1994, Jack Gwaltney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Virginia tẹ ìwádìí kan jáde nínú New England Journal of Medicine. Àwọn àgbàlagbà 31 tí ọ̀fìnkìn lásán ń bá jà ni wọ́n fi CT scan wò, ẹ̀rọ tó ríran ju X-ray wa lọ fíìfíì. Nínú 31 yìí, àwọn 27 ni ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kò mọ́. Wọn kò fún wọn ní oògùn apakòkòrò kankan. Nígbà tí wọ́n tún wo àwọn kan lára wọn lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2, ti èyí tó pọ̀ jù ti mọ́ tàbí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tán.

Ẹ wo ohun tí èyí sọ nípa ẹni tó sáré wá ya X-ray ní ọjọ́ kẹta tí ọ̀fìnkìn mú un. Ó ṣeé ṣe kí fọ́tò rẹ̀ funfun, yóò sì gba ilé kẹ́mísì lọ pẹ̀lú ìdánilójú tuntun, nígbà tó jẹ́ pé ara rẹ̀ ì bá ti fọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun nílẹ̀ Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé kí a má ṣe ya fọ́tò fún àìsàn sáínọ́sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tí kò ní ìdíjú. Ohun tí wọ́n ń wò ni ọjọ́ àti ìrìn àìsàn: ṣé ó ti kọjá ọjọ́ 10 láìdẹ̀? Ṣé ara ti ń yá kí ó tó tún ṣubú padà? A kò nílò ẹ̀rọ tàbí iná kí a tó lè béèrè ìwọ̀nyí. Owó ń wọlé fún wa bí ẹ bá wá o, ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo ń sọ.

Ọ̀rọ̀ túúlu, ẹ̀fọ́rí iwájú orí, tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ní ẹ̀fọ́rí ní iwájú orí àti lẹ́yìn ojú ló ti pinnu pé sáínọ́sì ni. Nígbà tí fọ́tò bá wá dúdú mọ́lọ́mọ́lọ́, inú á bí wọn. “Ṣé ẹ ń sọ pé irọ́ ni mò ń pa ni?” ni ìyá kan láti Ìmàlefálàáfíà bi mí nígbà tó gba èsì rẹ̀. “Rárá o, Mà. Orí ń fọ́ yín lóòótọ́, ihò yìí ni kò mọ̀ nípa rẹ̀.” Ẹ̀fọ́rí tó ń lù kìkì lápá kan, tó ń mú kí ìmọ́lẹ̀ ta ènìyàn lójú, tó ń fa ìrìndọ̀, tó ń lọ tó sì ń padà wá, ohun tí àwọn dókítà ń pè ní migraine ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì lè mú kí imú ṣomi pàápàá. Ìtọ́jú tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Fọ́tò tó dúdú ti ṣiṣẹ́ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀: ó ti gbà á lọ́wọ́ oògùn sáínọ́sì tí kì bá ràn án lọ́wọ́.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ló funfun, tí òórùn burúkú sì ń jáde nímú lápá yẹn, ẹ jẹ́ kí oníṣègùn eyín wo eyín òkè yín. Gbòǹgbò eyín ńlá ẹ̀yìn súnmọ́ ilẹ̀ ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́ gan-an, eyín tó ti kú lè máa da ọyún síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìdun ẹni tó ni ín.

“Ọ̀gá, kí lẹ rí?” ni gbogbo ènìyàn ń béèrè bí wọ́n bá ti ń wọ yẹtí wọn padà. A kì í dáhùn, kì í sì í ṣe ìgbéraga. Dókítà tó kọ́ṣẹ́ kíka fọ́tò ló ń kọ èsì, dókítà tó rán yín wá ló sì máa fi èsì náà wé ohun tó gbọ́ lẹ́nu yín. Ẹ dúró gbà á. Ẹ má gbé fíìmù sókè sí gílóòbù kí ẹ fi fóònù yà á ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí àbúrò tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní London; ìmọ́lẹ̀ gílóòbù ń pa ohun tó yẹ kó hàn rẹ́, ó sì ń dá òjìji tí kò sí sílẹ̀. Bí ó bá di dandan kí ó rí i, ẹ ní kí a fi fáìlì fọ́tò náà gan-an fún yín.

Kí ẹ tó kúrò níwájú dókítà tó ń kọ ìwé X-ray, ẹ bi í lọ́nà pẹ̀lẹ́ pé: “Ẹ jọ̀wọ́, sà, bí fọ́tò yìí bá funfun, kí lẹ máa ṣe fún mi? Bó bá dúdú ńkọ́?” Bí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ lè fi owó yín sápò ná. Bí ó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń rò, tàbí pé imú ti ń dí ju oṣù 3 lọ, ó ṣeé ṣe kí CT scan ni wọ́n nílò, kí X-ray má sì fi nǹkan kan kún un.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba kí ẹ dúró de fọ́tò rárá. Bí ojú kan bá wú tàbí tó yọ síta, bí ènìyàn bá ń rí nǹkan ní méjì-méjì, bí ibà líle bá bá ẹ̀fọ́rí rìn tí ọrùn sì gan, bí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, ọyún inú ihò náà lè ti ń wá ọ̀nà lọ sínú ojú tàbí ọpọlọ. Ẹ má yà sọ́dọ̀ wa ní Òkè-Àdó, bí ìwé X-ray tilẹ̀ ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹ gba Dùgbẹ̀ jáde sí Mókọ́lá, kí ẹ gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn UCH lójú ẹsẹ̀, bó ṣe wù kí ilẹ̀ ti ṣú tó.